Ìyá Olómi Sísè

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi kò tíì ga ju ẹnu àmù lọ, odò ni gbogbo wa ti ń pọn omi ní Ayétòrò. Ẹ̀yin tí ẹ ń yí ẹnu ẹ̀rọ lónìí, ẹ má rò pé mo fẹ́ fi ìyà tí a jẹ yangàn. Odò náà dára lójú. Igi bò ó, ó sì tutù. Ibẹ̀ náà la ti ń wẹ̀, ibẹ̀ la ti ń fọṣọ, ibẹ̀ la ń rẹ ẹ̀gẹ́ sí, ibẹ̀ náà la sì ti ń pọn èyí tí a ó mu. Bí òjò bá rọ̀ tí omi pọ́n, a ó ju álọ́ọ̀mù sínú àmù, ìdọ̀tí a rọ̀ sísàlẹ̀, omi a mọ́ gaara, a ó sì ní ó parí.

Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà, ìyẹn ìyá tó bí ìyá mi, ni mo dàgbà sí. Àwọn òbí mi wà ní Ìpókíá, níbi tí bàbá mi ti ń ṣe tíṣà. Mi ò ní purọ́ fún yín, ilé náà dá fún ọmọdé. Bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn obìnrin tó wà ní ẹ̀yìnkùlé wa. Opó ni, ọ̀rẹ́ ìyá àgbà sì ni láti ìgbà ọmọge wọn. Ilé rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà oko, kò sì sí ẹni tó ń ti oko bọ̀ tí kì í yà síbẹ̀ mu omi. Yóò bu omi, yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú àlejò gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, kí ó lè dá onítọ̀hún lójú pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò wá fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ẹni tó bá mu omi tán a jókòó, ẹni tó bá sì jókòó a sọ̀rọ̀. Báyìí ni ilé opó yẹn ṣe máa ń kún fún ohùn ènìyàn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Nígbà náà, ẹni tó bá kọ omi ilé rẹ, ìwọ gan-an ló kọ̀, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló kù fún un, ó ti ń di ọmọge. Lọ́dún kan, nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru mú ọmọ náà láàárọ̀. Kí wọ́n tó rí ọkọ̀ gbé e lọ bá àwọn nọ́ọ̀sì, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, kò sì padà wálé mọ́. Àwọn ènìyàn wá kí ìyá rẹ̀. Bí a ṣe máa ń sọ ọ́ náà ni wọ́n ṣe sọ ọ́: "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, omi ló dànù, agbè kò fọ́."

Obìnrin náà gbójú sókè wo ẹni tó sọ ọ́. "Agbè wo ni kò fọ́?" ló bi í. "Ẹ wo ọjọ́ orí mi."

Òun kò sunkún nígbà tó ń sọ ọ́. Ìyá àgbà ló sunkún.

Kò pẹ́ sígbà náà ni wolé-wolé dé àdúgbò wa. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni wolé-wolé, tó máa ń wọ kakí, tó ń ti ojúlé dé ojúlé yẹ àmù àti ṣalángá wò. Bó bá rí kòkòrò nínú omi rẹ, yóò dà á nù, yóò sì pè ọ́ lẹ́jọ́. Bí a bá ti gbúròó rẹ̀, àwọn àgbà ọkùnrin pàápàá a máa rántí pé àwọn ní iṣẹ́ lóko. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí jókòó dè é. Ó bi í pé kí ló pa ọmọ òun.

Ọkùnrin náà ṣí àmù wò, ó béèrè ibi tí wọ́n ti ń pọn ọ́n, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ omi ni. Ẹ máa sè é kó hó dáadáa kí ẹ tó mu ún. Ẹ máa bò ó, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki ọwọ́ bọ̀ ọ́."

Gbogbo ilé ló sọ ọ́ fún. Àwa yòókù dáhùn pé a ti gbọ́, kó sì tó jáde ní àdúgbò a ti gbàgbé. Obìnrin náà nìkan ló gbọ́ ọ ní tòótọ́. Láti ọjọ́ kejì ló ti ń gbé omi kaná níwájú ilé. Ó ra kọ́ọ̀pù kan tí ìdìmú rẹ̀ gùn, tí yóò máa fi bu omi láìjẹ́ pé ìka kan omi. Nítorí àwa ọmọdé, ó fi eérú fa ìlà yí ààrò ká, ó ní ẹni tó bá kọjá ìlà yẹn nígbà tí omi ń hó, òun yóò fa etí rẹ̀ títí yóò fi gbóná kí omi tó jó o. A bẹ̀rù ìlà eérú yẹn ju bí a ṣe bẹ̀rù iná lọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ fún yín. Lọ́dọ̀ wa nígbà yẹn, a máa ń gbé omi kaná láti fi wẹ̀, a sì máa ń gbé e kaná láti fi rokà. Ṣùgbọ́n omi tí wọ́n bá sè tí wọ́n sì bù fún ènìyàn mu, orúkọ kan ló ní: àgbo ni. Àgbo ibà, àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. Ta ló wá ń bu àgbo fún ẹni tí ara rẹ̀ le? Omi náà sì tún ń rùn èéfín díẹ̀. Ẹnì kan ní òun rí ewé nínú ìkòkò rẹ̀. Ẹlòmíràn ní obìnrin tí ọmọ rẹ̀ kú kì í ṣàdédé máa se omi fún ọmọ ọlọ́mọ. A máa ń sọ pé omi kò lọ́tàá. Mo fi ojú mi rí omi tó lọ́tàá. Wọ́n sọ ọ́ ní Ìyá Olómi Sísè, orúkọ tó ní tẹ́lẹ̀ sì pòórá lẹ́nu gbogbo wa.

Àwọn tó ń ti oko bọ̀ kò bá a jà. Wọ́n ṣì ń kí i. Yóò bu omi, yóò tọ́ ọ wò, yóò nà án sí wọn. Àwọn náà, tí òógùn ń kán tótó nírùngbọ̀n wọn, yóò ní, "Ẹ ṣé, ìyá, òǹgbẹ ò gbẹ wá." Wọn yóò sì kọjá. Òun yóò da omi inú kọ́ọ̀pù náà sídìí ìbẹ́pẹ, yóò padà jókòó.

Ọkùnrin kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ láti Ìwòyè-Kétu mu ún lọ́jọ́ kan, nítorí pé kò mọ nǹkan kan. Ó mu ún tán, ó tún gbà sí i, ó ní, "Mẹ̀sí, ìyá," gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ń ná ọjà òdì kejì ààlà ṣe máa ń sọ. Ó jókòó sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Odindi àdúgbò ń retí kí inú máa run ún. Nígbà tó tún ń kọjá lọ́jọ́ ọjà kejì, ara rẹ̀ dá ṣáṣá, àwọn tó ń retí sì ní àlejò ni, òògùn kì í mú àlejò. Ẹ ò rí i pé kò sí ohun tí ẹnu kò lè tún ṣe.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá àgbà lọ bẹ̀ ẹ́. Mo wà níbẹ̀, mo ń bó ẹ̀pà.

"Ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀yìnkùlé ni kí o ti máa sè é. Ta ni yóò mọ̀?"

"Bí mo bá ń sè é ní kọ̀rọ̀, ìgbà yẹn gan-an ni yóò di òògùn."

"Bu tútù fún wọn nígbà náà. Kí ìwọ máa mu sísè."

Obìnrin náà ti igi bọ ààrò. "Ọmọ ta ni kí n fi tútù náà pa?"

Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi bó ẹ̀pà. Òun fúnra rẹ̀ máa ń mu omi náà, nítorí ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n mo kíyè sí i pé inú yàrá ló ti máa ń mu ún, kì í ṣe lójúde. Obìnrin náà sì mọ̀. Ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn, títí di òní.

Ó ń sè é lọ bẹ́ẹ̀. Èmi a máa lọ jókòó tì í bí mo bá ti ilé ìwé dé, òun a máa bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, nípa òjò, nípa ọmọ rẹ̀, nípa bí ilé ṣe ń dákẹ́ jù. Bó bá gbọ́ ẹsẹ̀ lọ́nà oko, òun a dá ọ̀rọ̀ dúró, a nawọ́ sí kọ́ọ̀pù. Ẹsẹ̀ náà a kọjá, a sì máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ.

Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ló kú. Àìsàn kankan kò ṣe é. Ìyá àgbà ló lọ jí i láàárọ̀, tí kò dáhùn. Gbogbo àdúgbò ló wá, àwọn tó ń kọjá àti àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, ilẹ̀ le bí àpáta, oòrùn mú ganrínganrín. Nígbà tí wọ́n sin ín tán, àwọn ọkùnrin náà wọlé, wọ́n rí àmù rẹ̀ nílé, ó kún dé ẹnu, ó tutù. Àná ló sè é. Wọ́n ń bù ú mu, wọ́n ń gba kọ́ọ̀pù lọ́wọ́ ara wọn. Ìyá àgbà rọra sọ fún èyí tó wà nítòsí pé, "Sísè ni o." Ọkùnrin náà ní, "Ẹ jẹ́ n mu, ìyá, òǹgbẹ ń gbẹ mí." Wọ́n mu ún títí ó fi tán. Wọ́n jókòó sójúde rẹ̀, wọ́n sì sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi náà ti dàgbà, èmi nìkan sì ni mo ń gbé ilé mi báyìí. Àwọn ọmọ mi gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ fún mi, wọ́n sì ń pè mí lórí fóònù pé, "Màmá, ẹ má mu ún láìsè o, a ò mọ bí ṣalángá ti ilé kejì ṣe súnmọ́ ọ tó." Mo ń sè é. Kò sí ẹni tó ń fura sí mi. Àlejò mi a wọlé pẹ̀lú píọ́ wọ́tà lọ́wọ́, bí mo bá sì dìde láti bu omi, a ní, "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, mà, mo ní tèmi." Kò kọ̀ mí, àánú ẹsẹ̀ mi ló ń ṣe é. Omi tirẹ̀ mọ́, tèmi náà mọ́, a sì dúpẹ́ pé àwọn ọmọdé kò kú mọ́ bíi ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mu omi rẹ kì í jókòó pẹ́ kó tó dìde.