Ìyá Tó Ń Fi ‘Ẹ’ Bá Mi Sọ̀rọ̀

Òórùn méjì ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn ní Àgbóyí nígbà náà: òórùn ẹrẹ̀ etí omi, àti ti èéfín ẹja yíyan. Láti Kétu, ọkọ̀ ojú omi kékeré ló máa gbé ọ sọdá, o lè má tíì jẹ gúgúrú ọwọ́ rẹ tán kí o tó gúnlẹ̀. Láti ìgbà Kérésì títí wọ ọ̀sẹ̀ kìíní ọdún tuntun, àwọn ará Kétu, Ìkòsí àti Ògúdù a máa ya lọ síbẹ̀ láti jẹ ẹja tútù, kí wọ́n sì gbatẹ́gùn. Ìgbà tí èmi lọ, ọdún ti tán. Wọ́n ti to àwọn àga oníke funfun léra wọn lábẹ́ àtíbàbà, wọ́n fi okùn dè wọ́n, gbogbo etí omi sì dákẹ́ rọ́rọ́ bí ilé tí àlejò ti tú kúrò níbẹ̀.

Ìwọ náà á rántí àkókò yẹn, nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù, tí a kàn máa ń filáàṣì ara wa kí owó má bàa tán. Mo ń bá àwọn èèyàn tẹ ìwé ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìkòsí. Ọ̀rẹ́kùnrin mi ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Ògúdù, a sì ti ń bá ara wa bọ̀ fún bí ọdún méjì. Ìyá rẹ̀ ló ń ta ẹja yíyan fún àwọn tó ń wá gbafẹ́ ní Àgbóyí. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọ̀rẹ́kùnrin mi ní kí n múra, pé òun fẹ́ mú mi lọ rí ìyá òun. Ìwọ náà mọ bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń dún létí ọmọbìnrin. Mo di irun tuntun, mo ra búrẹ́dì ńlá kan àti ọsàn dání.

A bá ìyá náà níbi tó ti ń ha èérí kúrò lára irin tó fi ń yan ẹja. Mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

“Ẹ dìde, Aunty, ẹ dìde. Ẹ káàbọ̀.”

“Mọ́mì, fúrẹ́ńdì mi nìyí,” ni ọmọ rẹ̀ wí. “A ní ká wá gbatẹ́gùn.”

Gbatẹ́gùn kẹ̀? Mo wò ó, kò wo ojú mi. Ìyá náà tú okùn, ó fa àga kan yọ, ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún, ó ní kí n jókòó. Ó béèrè bóyá kí ata pọ̀ lára ẹja mi, àti irú mínírà tí mo fẹ́ mu.

Ẹlòmíràn lè ní ó pọ́n mi lé. Ṣùgbọ́n àlejò ni wọ́n ń gbé àga fún. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ kó di ara ilé, iṣẹ́ ni wọ́n máa rán an: bu omi wá, bá mi wo iná yẹn, kí lo jókòó ń wò? Ìyá tó lè bí ẹni tó jù mí lọ wá ń fi ‘ẹ’ bá mi sọ̀rọ̀, bó ṣe ń bá gbogbo oníbàárà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Gbogbo ọ̀sán yẹn, ‘o’ kan ṣoṣo ni mo ń retí. Ẹja náà dùn, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n mi ò lè jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tó yá, mo kó abọ́, mo gba ẹ̀yìn àtíbàbà lọ bá ìyá náà.

“Ẹ fi í sílẹ̀, Aunty.”

“Ẹ jẹ́ kí n fọ̀ ọ́, mà.”

Ó di etí kan abọ́ náà mú, mo di èkejì mú. Ó bá kígbe sí ọmọ rẹ̀: “Ṣé kí n jẹ́ kí fúrẹ́ńdì ẹ fọ abọ́?”

Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. “Ẹ má yọ ọ́ lẹ́nu, Mọ́mì. Àlejò ni.”

Ìyá náà rọra gba abọ́ lọ́wọ́ mi. Ó dùn mí wọra. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ṣùgbọ́n ta ní ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ìyá ọkọ pé òun ni ìyàwó?

Nígbà tí a fẹ́ padà, ọ̀rẹ́kùnrin mi ti wà níwájú, ó ń bá atukọ̀ sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ fi ẹja tó wé sínú ọ̀rá lé mi lọ́wọ́, kò sì jẹ́ kí ọwọ́ mi lọ.

“Ọmọ mi, má bínú sí mi,” ó wí jẹ́jẹ́. “Ẹnu rẹ̀ ni mò ń wò látìgbà tẹ́ ẹ ti dé. Ká ní ó pè ọ́ níyàwó ni, ìdí iná ni ǹ bá fi ọ́ sí. Ìwọ náà gbọ́ ohun tó pè ọ́. Má jókòó pẹ́ lórí àga.”

Nínú ọkọ̀, ọmọ rẹ̀ bi mí bóyá mo gbádùn ara mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí òjò ọdún yẹn tó bẹ̀rẹ̀, mo ti fi í sílẹ̀ láìbá a jà. Kò tilẹ̀ béèrè ìdí rẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí mo ti gbàgbé bí ohùn rẹ̀ ṣe rí. Ìyá rẹ̀, tí mo rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó yẹ kó gbè sẹ́yìn ọmọ tó bí, ni mo ṣì máa ń rántí. Bí mo bá rò ó dáadáa, nínú àwọn méjèèjì, ìyá rẹ̀ ló fẹ́ mi.