Ẹ̀gbọ́n Mi Kì í Ṣe "Ìwọ"

Òórùn ìkọ́kọrẹ́ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nígbà tí mo wọ ilé ìtọ́jú àwọn tí òye wọn kò pé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Abọ́ rẹ̀ wà lórí tábìlì, ó ń tutù lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń wò ó. Wọ́n ní kò ní fẹnu kàn án àfi tó bá wẹ̀. Ẹni tó ti lé lógójì ọdún ni o.

Láti kékeré ni òye ẹ̀gbọ́n mi kò ti tó ti ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá wa kò fi ìyẹn gba ipò àkọ́bí lọ́wọ́ rẹ̀. Bọ̀dá ni gbogbo àwa àbúrò ń pè é, "ẹ" la sì fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ṣì í pè, ìfọ́tí ni ìyá wa fi ń dá a lóhùn. Ìyá wa kú láyé ìgbà tí ṣọ́jà ń fi kòbókò kọ́ gbogbo ìlú bí a ṣe ń tò sórí ìlà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè ní yunifásítì, mo ń ṣiṣẹ́ ìjọba l'Abẹ́òkúta, mo sì mú un lọ fún wọn, torí mo gbà pé ibi tí wọ́n bá ti kọ "ìtọ́jú" sára ògiri, ìtọ́jú ló wà níbẹ̀. Ìwé pọ̀ lórí mi nígbà náà ju ọgbọ́n lọ.

"Olórí kunkun ni," ni ìyá tó jẹ́ ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ wí. "Bí ebi bá pa á dáadáa, á gbọ́ràn."

Ọmọge kan tó ń bá a ṣiṣẹ́, tí ẹ̀gbọ́n mi lè bí lọ́mọ, ń fi ẹsẹ̀ tì í. "Ìwọ, dìde! Ṣé o dití ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi kò mira. Mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì.

"Bọ̀dá mi, ẹ kú ìjókòó. Ṣé omi gbígbóná lẹ ó fi wẹ̀ ni, àbí tútù?"

"Gbígbóná." Ó dìde, ó mú táwẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, ó lọ wẹ̀.

Àwọn àgbà ní ohùn pẹ̀lẹ́ ní ń yọ obì lápò, ohùn líle ní ń yọ ọfà lápó. Mo rò pé ẹni tó bá ti fojú rí obì kò tún ní wá ọfà. Irọ́ ni! Ọ̀gá wọn pàtẹ́wọ́: "Ẹ ò rí i? Ó gbọ́! Ó kàn ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni!" Ó ní nítorí ẹ̀tàn yẹn, kò ní jẹun mọ́ lọ́jọ́ náà. Ó gbé abọ́ kúrò.

Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń ti balùwẹ̀ bọ̀, ọmọge yẹn tẹríba fún un. "Kábíyèsí, ẹ wá ká ẹní yín o!" Wọ́n rẹ́rìn-ín kèékèé. Ẹ̀gbọ́n mi ju táwẹ́ẹ̀lì sílẹ̀, ó padà jókòó síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tí wọ́n ní kò mọ nǹkan kan, ó mọ "ẹ" tó jẹ́ ọ̀wọ̀ yàtọ̀ sí "ẹ" tó jẹ́ èébú.

Mo kó ẹrù rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Ta ni yóò máa tọ́jú ẹ̀?" ni ọ̀gá wọn wí. "Ìwé yín?"

Mo fi iṣẹ́ Abẹ́òkúta sílẹ̀, mo lọ ń ṣe tíṣà n'Íjagun, a sì jọ ń gbé.

Lónìí, àwọn onímọ̀ ń pe àwa ẹbí irú ẹ̀gbọ́n mi jókòó kí wọ́n lè kọ́ wa pé ká máa yin irú wọn, ká jẹ́ kí wọ́n máa yan ohun tó wù wọ́n, ká má fi oúnjẹ dá wọn lóró. Mo máa ń mi orí, mo sì máa ń ní ó ti pẹ́ jù. Torí pé títí ẹ̀gbọ́n mi fi kú, bí mo bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, kì í fọwọ́ kàn án. Á kọ́kọ́ wojú mi, á ní, "Ṣé mo ti wẹ̀?"

Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n rí kọ́ ọ nílé ìtọ́jú yẹn nìyẹn.