Ibi Tí Lai-kei Kò Ti Ní Dá Jẹun

Ẹnìkan kì í jẹ́ àwádé. Ní Sham Shui Po, àdúgbò kan ní Hong Kong, kò sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ yìí bá mu tó Mok Kwai-hing, opó tó ń fọ abọ́ nílé oúnjẹ kan. Nígbà tí fọ́ọ̀mù tí òbí á fi to àwọn ilé-ìwé girama tó wù ú tẹ̀léra dé, àwọn òbí yòókù ń bi ẹ̀gbọ́n, wọ́n ń bi àna. Ta ni kí òun bi? Lai-kei, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, kò tilẹ̀ lọ́rẹ̀ẹ́. Ọdún mẹ́fà ló fi dá jẹun ọ̀sán nílé-ìwé. Tí wọ́n bá jáde, á wá bá ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná, wọ́n á jọ jẹ núdù. Ilé-ìwé tí ọmọ náà ò ti ní dá jẹun mọ́ ni Kwai-hing ń wá. Kò wá nǹkan míì.

Ó ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Nígbàkúùgbà tí wọ́n bá fún un ní ìsinmi ọ̀sán, á lọ dúró níwájú géètì ilé-ìwé kan, á máa wo àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń jáde. Ní ilé-ìwé kẹrin, okùn bàtà ọmọbìnrin kan tú. Àwọn márùn-ún dúró dè é, wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò lọ. Ilé-ìwé yẹn ló kọ ṣáájú.

Ìyáàfin Lau, ará ilé kejì, yọjú wo fọ́ọ̀mù.

"Ìyá Lai-kei, ṣé ara yín yá ṣá? Ilé-ìwé àwọn olódo lẹ kọ sókè pátápátá yìí?"

"Wọ́n máa ń dúró de ara wọn."

"Ẹ gbọ́ ná! Ìdúró yẹn ni wọ́n máa fi wọ yunifásítì?"

Ẹ̀rù ba Kwai-hing, kí n má parọ́. Bó bá ṣì í yàn, ọmọ ló máa jìyà ẹ̀.

Lóṣù keje, ilé-ìwé náà ni wọ́n fún Lai-kei. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta tí wọ́n wọlé, Kwai-hing ti gbé abọ́ núdù méjì kalẹ̀ kí fóònù tó dún.

"Màámi, ẹ má dúró dè mí o. Èmi àti Wing-sum àtàwọn yòókù fẹ́ lọ jẹun."

"Ẹ lọ, ẹ lọ! Jẹ àjẹyó!"

Inú rẹ̀ dùn débi pé ó rẹ́rìn-ín sókè. Lẹ́yìn náà ló jókòó ti abọ́ méjèèjì. Látọjọ́ yìí, ó rò pé òun lòun ń bá ọmọ jẹun. Àṣé ọmọ ló ń bá òun jẹun, tí òun náà ò fi dá jẹun.