Fọ́tò tó Ti Abẹ́ Òkun Wá

Bí ẹ bá dé Ọ̀wọ̀ ní ọdún 1990, tí ẹ béèrè Sylvanus Akínyẹlé, akọ̀wé ọ́fíìsì àgbẹ̀, wọ́n lè ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè Abẹ́ Òkun, ọmọdé lásán á mú yín dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Òun náà ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Ta ló ní kó sọ̀rọ̀?

Ọdún tó ṣáájú ìyẹn ni ọ́fíìsì rán an lọ sí Mombasa, ní Kenya, kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń sin ẹja fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí ẹ̀kọ́ parí, àwọn tó gba òun àti àwọn tí wọ́n jọ kẹ́kọ̀ọ́ lálejò ní kí wọ́n wá wo ẹja níbi tó ń gbé gan-an. Wọ́n fà wọ́n lé Hàmídù lọ́wọ́, ọkùnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa mú àlejò lọ sábẹ́ òkun. Sylvanus, tí kò wẹ odò mìíràn rí láyé rẹ̀ ju odò Ọ̀sẹ́ lọ, ní omi kì í ba òun lẹ́rù. Ọkùnrin yẹn lẹ́nu, ẹ jẹ́ ká gbà fún un.

Wọ́n gbé agolo irin tó kún fún afẹ́fẹ́ kọ́ ọ lẹ́yìn, wọ́n ki rọ́bà bọ̀ ọ́ lẹ́nu kó máa fi mí, wọ́n fi gíláàsì bo ojú àti imú rẹ̀, wọ́n wá wọ bàtà pẹlẹbẹ fún un bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Hàmídù kọ́ ọ bí a ṣe ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, nítorí ẹnu ò ríṣẹ́ ṣe lábẹ́ omi. Fi àtàǹpàkò kan ìka kejì kó dà bí òrùka: kò séwu. Di ẹ̀ṣẹ́, kí o nà án síwájú: ewu ń bẹ. Sylvanus ń mi orí bí ẹni tó ti ń ṣe é láti kékeré.

Háà, ìsàlẹ̀ yẹn dára! Òkúta ibẹ̀ ní àwọ̀ bí òdòdó. Ẹja aláwọ̀ ìyeyè ń kọjá lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọn ò tilẹ̀ yà fún un. Inú Sylvanus dùn débi pé ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó kù díẹ̀ kí rọ́bà já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Àfi bí alábahun òkun kan ṣe yọ, ó tóbi tó tábìlì ìjẹun. Ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́, ọrùn rẹ̀ hunjọ, kò kánjú, kò wo ẹnikẹ́ni. Kí Sylvanus tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti di ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì, ó gbé ọ̀tún lé òsì, ó nà wọ́n síwájú, ó sì tẹrí ba, bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ láti ọmọ ọdún márùn-ún pé kó máa kí ìjòyè.

Ẹ̀ṣẹ́ méjì ni Hàmídù rí. Ewu lọ́nà méjì! Ó gbá a lápá mú, ó fà á di òkè. Ìṣẹ́jú mẹ́fà péré ni ọ̀gá wa lò lábẹ́ òkun. Àmọ́ obìnrin òyìnbó kan tí wọ́n jọ wà nísàlẹ̀ ti ya fọ́tò rẹ̀. Ó gba àdírẹ́sì Sylvanus, ó ní òun á fi í ránṣẹ́.

Nígbà tó délé, ó ròyìn gbogbo rẹ̀, àyàfi ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ́. Ó ní àkókò ló tó tí àwọn fi jáde. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Kí èèyàn máa mí lábẹ́ omi? Ní ọ́fíìsì, wọn á ní, “Abẹ́ Òkun, àwọn ẹja ńkọ́? Ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà?” Theresa ìyàwó rẹ̀ gan-an, bó bá ti ń lọ wẹ̀ láàárọ̀, á ní, “Bàbá Agatha, mo ti pọnmi sí garawa o. Ẹ má pẹ́ nísàlẹ̀.”

Ìyẹn ò le. Ohun tó le ni ti bàbá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀. Bàbá Akínyẹlé kò mọ̀wé. Láti ọjọ́ tí Olúfúnmilọ́lá, àbúrò Sylvanus, ti lọ sílé ọkọ ní Kaduna, gbogbo Sátidé ni Sylvanus ń gun ọ̀kadà lọ ka lẹ́tà rẹ̀ fún bàbá wọn. Nígbà tí bàbá gbọ́ ìròyìn abẹ́ òkun yìí, ó gba lẹ́tà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó ká a.

Ó ní, “Ẹni tó ní òun mí lábẹ́ omi, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ èyí tó wà nínú ìwé àti èyí tó fi kún un?”

Láti ọjọ́ náà, Rùfáì télọ̀ ló ń ka lẹ́tà. Ó dun Sylvanus wọra. Gbogbo ọjọ́ Ajé ló ń lọ sí pósíọ́fíìsì lọ wò bóyá fọ́tò ti dé.

Ọdún méjì gbáko ló fi retí rẹ̀. Nígbà tí àpò ìwé obìnrin òyìnbó náà wá dé, ó ya á, ó wo fọ́tò inú rẹ̀. Gíláàsì bo ojú rẹ̀, rọ́bà bo ẹnu rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè dá a mọ̀. Ohun tó hàn kedere ni ẹ̀ṣẹ́ méjì, orí tó tẹ̀ ba, àti alábahun tó ń gba ìkíni. Ó wá kù sí i lọ́wọ́: bó bá fi í pamọ́, òpùrọ́ ni. Bó bá fi í hàn, ọ̀dẹ̀ ni. Ó tì í sínú ìwé àdúrà rẹ̀, ó ṣe bí ẹni pé kò sí níbẹ̀.

Ní Sátidé kẹrin lẹ́yìn náà, ó dé Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀, ó gbọ́ ohùn Rùfáì nínú ilé. Lẹ́nu ọ̀nà níbi tó dúró sí ló ti gbọ́ pé àbúrò òun ti bí ọkùnrin, láti ẹnu télọ̀ tó ń kọsẹ̀ lórí gbogbo ọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n, omi fẹ́ bọ́ níbẹ̀. Bí Rùfáì ṣe jáde, ó wọlé, ó yọ fọ́tò náà nínú ìwé àdúrà tó mú dání.

Bàbá gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé. “Ta nìyí?”

“Èmi ni, bàbá.”

“N ò rójú.” Ó tún wò ó, ó pẹ́ títí. Ó wá fi ìka kan tọ́ka sí ẹ̀ṣẹ́ méjì náà. “Ọ̀tún lórí òsì. Orí tún tẹ̀ ba dáadáa.” Ó gbójú sókè. “Sylvanus, ìjàpá lò ń kí báyìí?”

“Ti inú òkun ni, bàbá. Ó tóbi gan-an ni. N ò mọ ìgbà tí mo kí i.”

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Nígbà tí ikọ́ náà rọlẹ̀, ó bi í pé, “Ṣé ó dá ọ lóhùn?”

“Rárá. Kò tiẹ̀ wò mí.”

“Ìjòyè ni lóòótọ́ nígbà náà.”

Ó fi fọ́tò náà sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, ó sì mú lẹ́tà Olúfúnmilọ́lá níbẹ̀, ó nà án sí ọmọ rẹ̀.

“Ó dà bíi pé Rùfáì fo ibì kan. Kà á fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Má sì fi nǹkan kan kún un o.”