Okùn Ọkọ̀ Dádì Mi

Ó dìgbà o, Dádì mi. Ó dìgbà, olùkọ́ jíọ́gíráfì, ohùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin, ọkùnrin kan ṣoṣo ní Ìpọ̀nrí tó ra ọkọ̀ tí kò lè gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ nípa yín sínú ìwé ètò ìsìnkú yìí, kó má sì gùn jù. Àwọn ẹlòmíràn yóò sọ nípa ẹgbẹ́ akọrin àti àwọn ọmọ tí ẹ kọ́ ní Yaba fún ọdún gbọọrọ. Èmi yóò sọ nípa ọkọ̀ ojú omi yín, nítorí ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí mi ò sọ fún yín kí ẹ tó lọ.

Ọdún tí ẹ fẹ̀yìntì ni ẹ rà á. Ọkọ̀ funfun kékeré ni, tí ènìyàn márùn-ún lè jókòó sí, tó ní ẹ́ńjìnnì kan lẹ́yìn. Kì í ṣe ọkọ̀ ìpẹja, kì í sì í ṣe ọkọ̀ èrò. Ẹ ní fàájì lẹ rà á fún. Mọ́mì ní àwọn ò tíì rí irú fàájì tí ènìyàn ń fi kànrìnkàn fọ ìdí rẹ̀ lóṣooṣù. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Orogún, orúkọ náà sì mọ́ ọn lórí. Bí ẹ bá ti ń wá bàtà rọ́bà yín láàárọ̀ Sátidé, Mọ́mì á ní kí ẹ bá àwọn kí Orogún àwọn, ẹ̀yin náà á sì dáhùn pé òun náà ń kí wọn.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé wa jáde, ẹ ó rọra wa ọkọ̀ náà títí a ó fi jìnnà sí èèfín ẹja àti ariwo ẹ̀rọ ìlagi, ẹ ó pa ẹ́ńjìnnì, ẹ ó sì dákẹ́. Ẹ ò ní sọ̀rọ̀, ẹ ò ní kọrin. Ó kọ́kọ́ sú mi. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn gan-an ni fàájì, fún ẹni tó ti fi ọgbọ̀n ọdún pariwo mọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Kò sí àyè fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ọgbà wa, níbi tí mọ́tò mẹ́rin ti ń bá jẹnẹrétọ̀ mẹ́fà du ilẹ̀. Orí omi ló ń gbé, lẹ́yìn ilé Bàbá Sẹ́wanu ní Makoko. Apẹja ni wọ́n, Ẹ̀gùn ni wọ́n, àwọn ló sì ń bá yín ṣọ́ ọ. Ẹ máa ń sọ pé ohun tó bá ń gbé inú omi, díẹ̀díẹ̀ ni omi ń jẹ ẹ́. Ẹ máa ń ha ewéko àti ìkarahun wẹ́wẹ́ kúrò ní ìdí rẹ̀. Ẹ máa ń fi omi tí kò níyọ̀ ṣan ẹ́ńjìnnì. Ẹ máa ń gbé bátìrì rẹ̀ wá sílé, ẹ ó gbé e sábẹ́ tábìlì ìjẹun, níbi tí gbogbo wa ti ń fi ẹsẹ̀ kọ ọ́. Táyà ògbólógbòó tí ẹ rà ní ọjà Ládìpọ̀ lẹ so mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó má baà máa fara gbá òpó. Bí ẹ bá da tapólì bò ó, ẹ máa ń ti ọ̀pá bọ abẹ́ rẹ̀ láàárín, kó dà bí òrùlé, kí òjò má baà ríbi jókòó.

Ṣùgbọ́n okùn ni olórí ẹ̀kọ́. Omi á kún, omi á fà, ọkọ̀ sì gbọ́dọ̀ lè bá a gòkè kó bá a sọ̀kalẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí mo so ó pinpin, ẹ tú u, ẹ sì fi okùn náà lé mi lọ́wọ́ padà. Ẹ ní, “Ṣadé, a so ó kó má baà lọ ni. A ò so ó kó má lè mí.”

Mo gbọ́, ṣùgbọ́n ọmọ Ìpọ̀nrí ni mí. Ládùúgbò wa, ohun tí ènìyàn bá fẹ́ràn, ṣéènì la fi ń dè é. A fi ṣéènì de jẹnẹrétọ̀ mọ́ irin fèrèsé, a fi de sílíńdà gáàsì, Mọ́mì tiẹ̀ fi de àga oníke tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí àìsàn dá yín dùbúlẹ̀, tí ẹ ní kí n máa bójú tó ọkọ̀, mo gbọ́ pé wọ́n jí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ẹnìkan létí omi. Ẹ̀rù bà mí. Mo ra ṣéènì tó nípọn àti àgádágodo méjì, mo fi de ọkọ̀ yín mọ́ òpó, kò sí àyè tí ìka lè gbà kọjá. Bàbá Sẹ́wanu ò sí nílé lọ́jọ́ náà. Mo dúró wo iṣẹ́ ọwọ́ mi, inú mi sì dùn.

Lọ́jọ́ kejì òjò ńlá rọ̀, omi sì kún. Ọkọ̀ fẹ́ bá omi gòkè, ṣéènì ò jẹ́. Ó di iwájú rẹ̀ mú mọ́lẹ̀ títí omi fi wọlé, ọkọ̀ sì rì síbi tí mo dè é sí. Ẹnikẹ́ni ò jí i.

Bàbá Sẹ́wanu àti àwọn ará ilé wọn ló bá mi fà á jáde. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má sọ fún yín, kí ara yín lè yá ná. Mẹkáníìkì ní òun máa tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Mo rò ó pé kí ẹ tó lè rìn dé Makoko, gbogbo rẹ̀ á ti padà bọ̀ sípò. Lójoojúmọ́ tí mo bá gbé ọbẹ̀ wá bá yín lórí ibùsùn, ẹ ó bi mí pé báwo ni ọkọ̀, èmi á ní ó wà dáadáa, sà. Irọ́ ni mò ń pa, fún ẹni tó fi ẹgba kọ́ mi ní òtítọ́.

Ní Mọ́ńdè tó ṣáájú ikú yín, ẹ di ọwọ́ mi mú, ẹ ní, “Ṣadé, ṣé kò sí ọ̀rọ̀ kankan tí o fẹ́ bá mi sọ?” Mo ní kò sí, sà. Ẹ ní ó dáa, ẹ ní kí n bá yín ṣí fèrèsé. Ọjọ́rú lẹ lọ.

Ní ọjọ́ kẹta, Bàbá Sẹ́wanu gbé ẹja yíyan wá bá wa kẹ́dùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé wọ́n bá mi pa àṣírí mọ́. Wọ́n ní àwọn ò lè purọ́ fún Tíṣà, pé ọjọ́ tí ọkọ̀ rì gan-an ni àwọn ti sọ fún yín lórí fóònù. Wọ́n ní ẹ rẹ́rìn-ín títí ẹ fi ń wúkọ́. Lẹ́yìn náà ẹ ní, “Ẹ má sọ fún Ṣadé pé mo mọ̀. Ẹ fi í sílẹ̀, yóò wá sọ fún mi fúnra rẹ̀.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko lẹ fi dúró dè mí, Dádì. Okùn gígùn lẹ fi so èmi náà, mi ò sì mọ̀. Ó dùn mí ju ikú náà lọ, nítorí kò sẹ́ni tó lè bá ikú jà, ṣùgbọ́n ẹnu mi ni, mo lè là á.

Mo là á báyìí, níwájú gbogbo ẹni tó mú ìwé yìí dání. Èmi ni mo ri ọkọ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Ẹ́ńjìnnì ti padà dé, ó ń ṣiṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń wúkọ́ díẹ̀ kó tó máa lọ geere. Mo ti ha ìdí rẹ̀, mo ti ti ọ̀pá bọ abẹ́ tapólì. Bátìrì wà lábẹ́ tábìlì, Mọ́mì sì ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé ẹrù Orogún àwọn kúrò níbẹ̀. Ṣéènì ti padà sídìí jẹnẹrétọ̀. Okùn ni mo fi so ọkọ̀, mo sì fún un láyè. Mo jókòó tì í lánàá títí omi fi kún, mo fojú ara mi rí i tó ń gòkè.

Bí ẹ bá tún bi mí pé báwo ni ọkọ̀, ó wà dáadáa, sà. Òtítọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ sùn re o, Dádì mi.

Ọmọ yín,
Fọláṣadé