Pósítà fíìmù mi di ti ìsọjí

Ẹ gbà mí o, inú ń bí mi!

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe pósítà fíìmù adẹ́rùbani wa, "Má Bojú Wẹ̀yìn". Ilẹ̀ rẹ̀ dúdú bí èédú, lẹ́tà pupa sì ń kán tó-tó-tó bí ẹ̀jẹ̀.

Mo ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní Ọ̀kà, nítòsí Ìkàrẹ́ wa níbí, láàárọ̀ yìí ni màmá kan dúró kà á.

"Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o. Ọ̀rọ̀ aya Lọ́ọ̀tì nìyẹn. Aago mélòó ni ìsọjí náà?"

"Mọ́mì, fíìmù ni o! Ẹ̀rù ò tiẹ̀ bà yín ni?"

"Ẹ̀rù kẹ̀? Irú ẹ̀ ló wà lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì wa."

Ẹ̀yin ará Ìkàrẹ́, ẹ dá mi lóhùn: àwọ̀ wo ni ṣọ́ọ̀ṣì fi sílẹ̀ fún àwa tá a fẹ́ dẹ́rù bani?