Àpáta Tí A Ti Ń Pe Jámánì

Mo rántí ìgbà tí ó jẹ́ pé orí àpáta nìkan la ti ń rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní ìlú wa. Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Èkìtì nígbà náà. Wọ́n ti ń fi í sọ̀rọ̀ ní Adó, wọ́n ti ń fi í sọ̀rọ̀ ní Ìdó, ó sì ti dé Ìkọ̀lé tí kò jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n àwọn òkè tó yí wa ká kò jẹ́ kí ó dé ọ̀dọ̀ tiwa. Ẹni tó bá ra fóònù láàárín wa nígbà náà, aago ló rà, nítorí kò rí nǹkan mìíràn fi í ṣe ju kí ó máa fi wo àkókò lọ. Ọdẹ kan ló tú àṣírí náà. Ó ń lé òyà lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa, fóònù tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Èkó sì wà nínú àpò rẹ̀. Bí ó ti gun orí àpáta ńlá tó wà níbẹ̀ tán, tí ó na ìbọn, fóònù dún. Òyà sá lọ. Ọdẹ kò bínú. Ó jókòó síbẹ̀, ó bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí owó inú fóònù ọmọ náà fi tán, lẹ́yìn náà ló sáré wálé wá ròyìn fún wa.

Láti ọ̀sẹ̀ náà ni orí àpáta ti di ibi ìpàdé wa. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, ní agogo mẹ́rin, ni gbogbo ìlú fi àdéhùn sí pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn tó wà ní Èkó, ní Ìbàdàn àti lókè òkun. A ó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a ó gún iyán, a ó jẹ ẹ́, a ó sinmi díẹ̀, a ó sì tún wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wa padà, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ fi aṣọ ilé bá ọmọ tó wà lókè òkun sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ fóònù ìgbà náà kò ní ojú tí ó lè fi rí wa. Ìyá àgbà kan kì í sọ pé “Hẹ́lò” láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ tún gèlè rẹ̀ wé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé agboòrùn wá, ó ń ta káàdì. Obìnrin kan ń ta ẹ̀pà sísè. Ẹnì kan gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré dé, ó ń bá wa ṣáájì fóònù. Ìyá kan sì wà tí ó ti ń sá ẹ̀gẹ́ lórí àpáta náà tipẹ́tipẹ́, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó mọ ohun tí ń jẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ìyá ẹlẹ́gẹ́ la máa ń pè é. Ìdí iṣẹ́ rẹ̀ la bá a, gbogbo ohun tí ó sì ń wá lọ́wọ́ wa ni pé kí a má tẹ ẹ̀gẹ́ òun mọ́lẹ̀. “Ẹ̀yin tí ẹ ń pe òyìnbó,” ni ó máa ń wí, “ẹ wo ẹsẹ̀ yín.”

Èmi nìyí, tíṣà jọ́gíráfì tó ti yunifásítì dé, mo rò pé èmi ló tọ́ sí láti ṣàlàyé. Mo máa ń dúró sáàárín wọn, n ó máa sọ bí ìgbì ṣe ń rìn lójú òfuurufú. Mo fi ṣọ́ọ̀kì ya ìlà róbótó kan sórí àpáta, mo ní inú rẹ̀ ni kí ènìyàn dúró sí, kí ó sì kọjú sí ọ̀nà Ìkọ̀lé. Wọ́n gbọ́ràn, wọ́n ń dúró sínú ìlà, ṣùgbọ́n wọn kò jáwọ́ nínú ìgbàgbọ́ tiwọn pé bí ibi tí à ń pè bá ṣe jìnnà tó ni ohùn gbọ́dọ̀ ṣe lọ sókè tó. Ẹni tó ń pe Ìbàdàn a máa sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́. Ẹni tó ń pe Jámánì, igbe ni yóò máa ké. Mo fi wọ́n rẹ́rìn-ín títí di ọjọ́ tí ìyàwó mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí ó ní, “Tíṣà, ẹ̀yin náà ń pariwo. Tiyín tilẹ̀ ju tiwọn lọ.”

Jámánì ni àkọ́bí wa wà. Ẹ̀rọ ló kọ́, ibẹ̀ ló sì ti rí iṣẹ́. Bí ó bá pè, èmi ni n ó kọ́kọ́ gbà á, n ó bi í nípa iṣẹ́ àti òtútù. Ìyàwó mi a gbà á tẹ̀lé mi, a ròyìn iṣu, a ròyìn ẹgbẹ́ akọrin. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ wa, kò sí ẹni nínú àwa méjèèjì tó jẹ́ bi í pé ìgbà wo ló ń bọ̀. Ẹni tó bá mọ ìṣe wa níhìn-ín á mọ̀ pé òbí kì í fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ ọmọ pé kí ó wá wo òun. Yóò dà bí ẹni pé ebi ń pa á, tàbí pé ó ti rí ikú lọ́ọ̀ọ́kán. Ṣùgbọ́n bí ìyàwó mi bá sọ tirẹ̀ tán, a na fóònù sí ìyá ẹlẹ́gẹ́, a sì yí ojú sí ibòmíràn bí ẹni tí kò gbọ́. Ìyá ẹlẹ́gẹ́ a nu ọwọ́ mọ́ ìró rẹ̀, a gba fóònù. Kì í fi ìkíni ṣòfò.

“Ìgbà wo lo ń bọ̀ nulé? Iyán rẹ ti ń tutù.”

Ọmọ wa a rẹ́rìn-ín, a ní òun ń bọ̀. Ọdẹ a tún gba fóònù, a bi í. Ọ̀gá àwọn akọrin a gbà á, òun náà a bi í. Ìbéèrè kan náà, láti ẹnu bí ènìyàn mẹ́fà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ní ìwọ̀nba ọdún tí a fi gun àpáta yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọ náà wálé wá ṣe Kérésìmesì.

Kò yẹ kí ó yà mí lẹ́nu. Nígbà tí èmi fúnra mi wà ní yunifásítì, baba mi kò mọ ìwé kọ, kátíkíìsì ìjọ wa ló máa ń bá a kọ lẹ́tà lábẹ́ igi ọsàn iwájú ilé wa, gbogbo agbolé ni yóò sì jókòó tì wọ́n. Baba mi kò fìgbà kan sọ nínú lẹ́tà pé kí n wálé. Lọ́dún kan tí mo ti pẹ́ jù níbẹ̀, kátíkíìsì fi tirẹ̀ kún ìsàlẹ̀ ìwé. Ó ní, “Bàbá rẹ kò ní kí n kọ èyí, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti béèrè lọ́wọ́ mi lónìí pé oṣù wo ni ilé-ìwé yín máa ń gba ìsinmi.” Mo ka ìlà kan yìí títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Bí wọ́n ti fún wa ní ìsinmi, ọjọ́ kejì ni mo wọ ọkọ̀ Èkìtì.

Síbẹ̀, ọwọ́ mi náà ni mo fi tú ìpàdé orí àpáta ká. Orúnkún ìyàwó mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí bí a bá ti ń gòkè. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú. Mo jókòó, mo fi gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tí yunifásítì kọ́ mi kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń gbé òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì nàró, pé kí wọ́n ṣàánú wa. Lẹ́tà kẹta ni wọ́n tó dáhùn. Lọ́jọ́ tí òpó náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, a ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ní kí n dìde kí ìjọ lè rí mi. Mo dìde. Mo tilẹ̀ juwọ́ sí wọn.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin lẹ́yìn rẹ̀ ni mo gun àpáta láti lọ wo ẹni tó wà níbẹ̀. Ìyá ẹlẹ́gẹ́ nìkan ni mo bá. Ẹni tó ń ta káàdì ti lọ sí Ìkọ̀lé, ẹlẹ́pà ti padà sí ìdí ọjà rẹ̀. “Tíṣà, ẹ rìn bó ṣe wù yín,” ni ìyá ẹlẹ́gẹ́ wí. “Kò sí ẹni tí mo fẹ́ lé mọ́.”

Nílé, ọmọ wa kọ́kọ́ ń pè lójoojúmọ́. Ó di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ó di ìgbà tí ó bá rántí. Nígbà tí ó jẹ́ pé ìgbàkúùgbà ló lè pè wá, kò sí ìgbà kan pàtó tó jẹ́ tiwa mọ́. Ìyàwó mi a jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, a ròyìn iṣu, a ròyìn akọrin, bí ó bá sì dé ibi tí ó ti máa ń na fóònù fún ẹlòmíràn, a gbé ojú sókè, a wo inú yàrá yíká. Èmi nìkan ni yóò rí. Èmi náà kò sì lè bi ọmọ wa. “Òpó tí ẹ bá wa wá dára, Tíṣà,” ni ó sọ fún mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. “Ṣùgbọ́n ta ni kí n na fóònù sí?”

Ọmọ náà kò wálé mọ́ títí ìyá rẹ̀ fi kú. Ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú ni kò jẹ́ kí ó lè wá sìnkú, n kò sì dá a lẹ́bi. Fóònù ti lójú nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan, ọmọ arákùnrin mi, gbé fóònù sókè lẹ́bàá sàréè kí ó lè rí ohun gbogbo. Èmi náà rí i. Ó ń sunkún nínú gíláàsì tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, n kò sì rí èjìká rẹ̀ kí n gbé ọwọ́ lé e.

Ayé tún ti kọjá ibẹ̀ báyìí. Àwọn ọ̀dọ́ àgbẹ̀ wa ń fi ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fò bí ẹyẹ wọ́n oògùn sóko ìrẹsì. Owó iṣu ń wọ inú fóònù kí oníṣu tó di ọjà fún oníbàárà. Ọmọ-ọmọ arákùnrin mi kan fi ẹ̀rọ tó gbọ́ Yorùbá sínú fóònù mi, ohun tí mo bá bi í ni yóò dáhùn, kì í sú u. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ni a lè fi àpáta ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣe. Ó ní a lè pe àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ wá wò ó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èyí tó jọ mí lójú jù ni aago tí ọmọ mi fi ránṣẹ́ láti Jámánì. Ó ń ka bí ọkàn mi ṣe ń lù, ó ń ka oorun mi àti ìṣísẹ̀ mi, ó sì ń fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń bi mí pé, “Bàbá, ṣé ẹ sùn dáadáa?” Ní báyìí, òun ló ń sọ fún mi pé n kò sùn tó. Òótọ́ ló sì ń sọ. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú un rà á. Ṣùgbọ́n aago náà kò lè sọ ohun tó lé oorun lọ fún un, òun náà kò sì béèrè.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan nígbà ọyẹ́ tó kọjá, mo jẹun tán, mo tún aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi wọ̀, mo mú ọ̀pá, mo gun àpáta. Ó pẹ́ kí n tó dé òkè. Òjò ti wẹ ìlà ṣọ́ọ̀kì mi dànù láti ọdún gbọọrọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi mọ ibẹ̀. Ìyá ẹlẹ́gẹ́ ṣì wà níbẹ̀, ó ti darúgbó gan-an, àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń bá a sá ẹ̀gẹ́, òun kàn jókòó tì í. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mí hẹlẹhẹlẹ ni fóònù dún.

“Bàbá, kí ló ṣẹlẹ̀? Ọkàn yín ń sáré.”

Mo ní kò sí nǹkan, orí àpáta ni mo wà.

“Àpáta wa? Ta ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú yín?”

Mo fẹ́ sọ pé kò sí ẹnì kankan. Mo bá rí ìyá ẹlẹ́gẹ́, ó ti ń nu ọwọ́ mọ́ ìró rẹ̀. N kò pè é. Mo na fóònù sí i, mo sì kọjú sí ọ̀nà Ìkọ̀lé.

“Ìwọ ni?” ni mo gbọ́ tí ó wí. “Ìyá rẹ lọ, a ò rí ọ. Bàbá rẹ ti gun òkè wá wá ẹni tí yóò bá a bi ọ́. Ìgbà wo lo ń bọ̀ nulé?”

Ó pẹ́ tí ó fi gbé fóònù mọ́ etí, ó ń gbọ́ tirẹ̀. Nígbà tí ó dá a padà fún mi, ìpè ti parí. Ó ní, “Ó sunkún díẹ̀. Ó ní òun máa pè lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ní agogo mẹ́rin. Ó ní kí á wà lórí àpáta.”

Láti ìgbà náà ni mo ti ń gòkè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kún inú yàrá mi fọ́fọ́. Bí mo bá jókòó síbẹ̀, mo máa ń rí wọn lọ́kàn mi, ọdẹ, ẹlẹ́pà, ìyá tó ń tún gèlè wé, àti obìnrin kan tó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí kò gbọ́. Ọmọ mi kò tíì dé, kò sì tíì dá ọjọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ó béèrè lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́gẹ́ pé oṣù wo ni iṣu tuntun máa ń jáde nílé báyìí. Kò bi mí. Mo kọjú sí ọ̀nà Ìkọ̀lé, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.